Ọdún Tí Iná Jó Pápá Eruwà Wa

N kò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí òórùn màjàlà ti gbà mí nímú. Nígbà tí mo dé pápá wa lọ́nà Dodowa, gbogbo rẹ̀ ti dúdú. Àwọn ọdẹ òyà ti dáná sun ún. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀.

Koríko ni mo ń tà ní Kotobabi, ní Accra, fún àwọn tó ń sin àgbò. Ẹ máa rín ẹ̀rín yín o! Koríko náà ló tọ́ àwọn ọmọ mi. Eruwà là ń pè é. Ó ń ga ju ènìyàn lọ, ilẹ̀ ọ̀dàn ẹ̀yìn Accra ló sì bá a lára mu. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Ràímì, arúgbó ará Ọ̀fà tí Accra ti di ilé fún. Bàbá kì í jẹ́ kí dòjé mi sọ̀ kalẹ̀ ju agbedeméjì ojúgun lọ.

"Òkè ni tiwa, Ìyá Múínà," ni wọ́n máa ń wí. "Ìdí, ti onílẹ̀ ni."

Onílẹ̀ náà ni Ataa, àgbàlagbà ọmọ Gà kan. Àdéhùn wa kò le: níwọ̀n ìgbà tí koríko bá wà lórí pápá, kí a máa gé e. Iná wá jó o nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, ẹnìkan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù sì ti ń wá ilẹ̀ náà lójú méjèèjì.

Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Accra. Ataa ní, "Ẹ̀yin Alata, kí lẹ fẹ́ gé níbẹ̀? Eérú? Jímọ̀ tó ń bọ̀, mò ń mú oníbúlọ́ọ̀kù bọ̀."

Mo sáré lọ bá Bàbá pé kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Orín ni wọ́n ń jẹ.

"Eruwà á bẹ̀ ẹ́."

"Bàbá, ó ti jóná!"

"Orí rẹ̀ ló jó. Ṣé o ti gé ìdí rẹ̀ rí ni?"

Ká sòótọ́, inú bí mi. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ti ń ṣe wọ́n.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, a bá Ataa àti oníbúlọ́ọ̀kù lórí pápá. Oníbúlọ́ọ̀kù ti na téèpù, ṣùgbọ́n kò ráyè wọn ilẹ̀. Ọ̀mùnú tútù ti yọ nínú gbogbo ìdí eruwà tó jóná, àwọn àgùntàn Ataa sì ti já wá jẹ ẹ́. Oníbúlọ́ọ̀kù ń lé wọn, wọ́n ń yí po, wọ́n ń padà. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù kò jẹ́.

Ataa bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn ìdí náà.

"Ta ló ní kí ẹ máa fi èyí sílẹ̀?"

Bàbá ní, "Tiyín ni, Ataa. A kì í gé ohun tí ẹ kò fún wa."

Ataa bú sẹ́rìn-ín, ó kọjú sí oníbúlọ́ọ̀kù: "Chale, daabi, rárá o. Lọ wá ilẹ̀ mìíràn."

Orí pápá yẹn ni mo ti ṣiṣẹ́ títí egungun ẹ̀yìn mi fi ní ó tó. Bàbá Ràímì ti lọ, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì tọrọ àforíjì nítorí ọjọ́ ogbó tí mo kà sí wọn lọ́rùn. Ataa náà ti lọ. Ilé ti yí pápá náà ká báyìí, àwọn tó fẹ́ rà á kò lóǹkà. Àwọn ọmọ Ataa kò tíì tà á. Wọ́n ní bàbá àwọn sọ pé àwọn Alata kan ń bá òun tọ́jú ìdí rẹ̀.