Ìkòkò Dúdú Nínú Adágún

Wọ́n ní ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì dárí ji ọkùnrin náà. Òun ni olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Kétu, olùkọ́ tó máa ń fi fèrè pe ènìyàn bí ẹni ń pe ajá. Òun ló ní ká lọ pàgọ́ sí etí omi ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Èmi, pẹ̀lú ojú-ayé mi, ni mo ní adágún kan wà ní abúlé ìyá mi, lápá Adakplamè.

Ìyá mi ti kú nígbà náà. Ilé ìyá àgbà mi nìkan ló kù fún mi láyé tí mo lè wọ̀ láìkan ilẹ̀kùn, kí n gbé korobá, kí n lọ pọnmi fún gbogbo ilé. Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò ni wọ́n ń bu omi fún. Ọmọ ilé a máa lọ pọn tirẹ̀.

Ìyá àgbà ló lọ bá àwọn àgbà abúlé, tó ṣe onídùúró fún wa. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: ìkòkò tí iná ti sọ ìdí rẹ̀ di dúdú kò gbọdọ̀ kan adágún. Igbá mímọ́ ni ká fi bu omi sínú bidọ́ọ̀nù, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì, ká gbé e lọ sókè, ká fọ ìkòkò níbẹ̀. Omi tí gbogbo wọn ń mu ni, kò sì sí òmíràn nítòsí.

Láti àárọ̀ Sátidé ni olórí wa ti ń bú wa. Ó ní àgọ́ tí mo so wọ́, ó ní ìrẹsì mi kò níyọ̀. Àwa obìnrin ń ru bidọ́ọ̀nù gun òkè, òun jókòó sábẹ́ igi, ó ń wo aago. Nígbà tó di Sọ́ńdè, lẹ́yìn àdúrà, ó sú u.

Ó ní, "Ẹ gbé ìkòkò yẹn lọ fọ̀ nínú omi, ká tètè máa lọ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti kìlọ̀ fún wa."

Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ ò rí i? Ẹni tó ń kọrin níwájú ìjọ, ìkòkò ló ń bẹ̀rù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára. Mo fi ìbínú já ìkòkò gbà, mo wọ omi dé orúnkún, mo sì tì í bọ inú rẹ̀. Èédú tú lójú omi. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá àgbà dúró létí adágún, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá pọnmi ni.

Ó yí padà, ó lọ pe àwọn àgbà. Wọ́n bi olórí wa léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí mi. "Ọmọ yín ló fọ̀ ọ́. Àlejò ni àwa, a ò mọ nǹkan kan." Òun ló kọ́kọ́ wọ mọ́tò. Mo bú u títí a fi dé Kétu, kò sí ẹni tó gbè mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo padà lọ tọrọ àforíjì. Àwọn àgbà gbà á, wọ́n ní ó ti tán. Ara tù mí. Mo gbé korobá bí mo ṣe máa ń ṣe, ìyá àgbà sì rọra gbà á lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Jókòó. Wọ́n ti dárí jì ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní o kò gbọdọ̀ dé etí omi mọ́."

Ó wọlé, ó bu omi sínú ife, ó gbé e wá bá mi lórí àga. Mo mu ún. Títí di òní, bí mo bá ti dé ilé yẹn, mi ò tíì jókòó tán tí wọ́n á ti gbé omi wá fún mi.