Ohùn Ìyá Mi àti Àwo Orin Méjì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ mi ní Palmgrove. Ó ti fá ẹ̀gbẹ́ kan orí mi nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ olórin wa. Ọ̀dọ́kùnrin méjì kan ló ń fi àwo orin wa àkọ́kọ́ wé ìkejì. Ọ̀kan ní àkọ́kọ́ dọ̀tí, ariwo pọ̀ nínú ẹ̀. Èkejì ní àwo kejì ló fi hàn pé a ti dàgbà. Wọ́n wá jọ fẹnu kò pé ìkejì ló dáa jù, wọ́n sì gbé orin kan nínú ẹ̀ sáfẹ́fẹ́.

Onígbàjámọ̀ yí orí mi sọ́tùn-ún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, èwo lẹ fẹ́ràn jù nínú méjèèjì?"

"Fá orí tó ò ń fá," ni mo wí fún un.

Kò yẹ kí n kanra mọ́ ọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Gbogbo ẹni tó bá ti ní fóònù lọ́wọ́ ló ti di adájọ́ orin. Èmi ni mo ta gìtá bésì nínú àwo méjèèjì, ẹni tó kàn ló sì mọ̀. Ìyá mi wà nínú àkọ́kọ́, kò sí nínú ìkejì. Lójú tèmi, gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa sọ ọ́ lórí rédíò.

Àwa mẹ́rin la dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Bariga. Orin rọ́ọ̀kì là ń kọ, ní àdúgbò tó jẹ́ pé fújì àti orin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n mọ̀. Àwọn aládùúgbò ní orí wa ti dàrú. Yàrá tí a ti gba ohùn àwo àkọ́kọ́ sílẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa, kò jìnnà sí ọ̀sà. A fi bẹ́ẹ̀dì dí fèrèsé, a fi aṣọ àlòkù bo ara ògiri, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn wa bí ẹni pé òun náà wà nínú ẹgbẹ́. Nígbà tí awọ ìlù kan ya, agolo mílíìkì ni onílù wa fi rọ́pò ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá náà gan-an ni àgbá tí ìyá mi fi ń yan ẹja wà. Èéfín a máa wọlé bá wa, olórin wa a sì máa wúkọ́ láàárín orin.

Ará Ìlàjẹ ni ìyá mi, ọmọ apẹja. Èdè méjì ló ń sọ. Tó bá ń bá àlejò sọ̀rọ̀, Yorùbá inú Bíbélì ló ń lò, jẹ́jẹ́, á sì máa fi "ẹ" pe ẹni tí òun fi ọdún púpọ̀ dàgbà jù pàápàá. Ṣùgbọ́n tí inú bá bí i, èdè etí omi wọn ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu, ohùn rẹ̀ á sì ga débi pé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lórí ọ̀sà á gbọ́.

Lọ́jọ́ tí a ń gba orin tó kẹ́yìn sílẹ̀, ó lọ sọ́jà, ó ní ká bá òun máa yí ẹja tó wà lórí iná. Orin gbà wá lọ́kàn. Nígbà tó fi máa dé, ẹja ti di èédú. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé, ó kígbe: "Ẹja ti jóná, ẹ̀ ń lu agolo! Ṣé agolo la máa tà lọ́la?" Mo kọ ọ́ báyìí kó lè yé gbogbo èèyàn ni, bó ṣe sọ ọ́ gan-an kọ́ nìyẹn. Jìnnìjìnnì bo onílù wa, ọwọ́ ẹ̀ bá agolo náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dún bí ẹni tó ń fèsì. Ibẹ̀ ni orin náà parí sí. Nígbà tí a tún gbọ́ ọ, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, a wá ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn atẹ̀wé ní Bajulaiye ló tẹ páálí sídì rẹ̀ fún wa, yíǹkì náà kò sì gbẹ dáadáa. A gbé e kiri, a ń tà á fún ẹni tó bá fẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò retí ni pé igbe ìyá mi ló máa gbajúmọ̀ ju orin wa lọ. Láti Bariga dé Shomolu, bí nǹkan bá ti bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Ẹja ti jóná." Àwọn ọmọ iléèwé á rí ìyá mi lójú títì, wọ́n á ní, "Màmá, ẹja ńkọ́?" Á ṣe bí ẹni tínú ń bí. Ṣùgbọ́n mo rí i níjọ́ kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n kọjá.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá olówó kan tó ń gbé àwo orin jáde dé láti òdìkejì afárá. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìyìn rere, a tẹ̀ lé e. Sítúdíò rẹ̀ tutù, kápẹ́ẹ̀tì ló fi bo ògiri, gbogbo ohun èlò ló sì jẹ́ tuntun. N ò ní purọ́, àwo kejì mọ́ tónítóní. Gìtá wà láyè tirẹ̀, ìlù wà láyè tirẹ̀, kò sí èyí tó fara kan èkejì. Nínú àkọ́kọ́, ńṣe ni gbogbo wọn ń du àyè bí ọmọ mẹ́fà tó sùn sórí ẹní kan. Mo mọ èyí tó jọ ilé wa nínú méjèèjì.

Ọ̀gá ní ká tún orin tí igbe wà nínú ẹ̀ kọ sínú àwo kejì, torí òun làwọn èèyàn mọ̀ wá mọ́. Àmọ́ ó ní igbe náà ò mọ́, pé jẹnẹrétọ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Mo sọ fún un pé orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

"No wàhálà," ó ní. "Ẹ mú Màmá wá kí wọ́n tún un ṣe. Simple."

Ìyá mi múra bí ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wé gèlè, ó di ẹja yíyan tó dáa jù sínú ọ̀rá fún onílé. Wọ́n mú un dúró síwájú makirofóònù. Ó wò ó, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Màmá, ẹ fi ìkíni sílẹ̀," ọ̀gá sọ láti ẹ̀yìn gíláàsì. "Ẹ fi ìbínú sọ ọ́."

"Ta ló ṣẹ̀ mí níbí?" ìyá mi béèrè.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ó gbìyànjú, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹja ti jóná," pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka Bíbélì. Ilé onílé ló wà, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo nílé onílé. Àwọn tó wà lẹ́yìn gíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ojú ìyá mi, mo rí i pé ó ti mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Mo mú un lọ sílé. Wọ́n jẹ ẹja náà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe òṣèré kan tó máa ń ṣe ìyá oníbìínú nínú fíìmù. Ó kígbe, ó pàtẹ́wọ́, ó fa "jóná" gùn bíi rọ́bà. Èdè tó fi sọ ọ́ kì í ṣe tibì kankan. Ẹ sì wá wo ìwà ìkà: wọ́n wá ohùn jẹnẹrétọ̀ lórí kọ̀mpútà, wọ́n fi í sábẹ́ igbe òṣèré náà, wọ́n ní kó lè dún bíi Bariga. Mo bá wọn jà débi pé ohùn mi há. Àwọn mẹ́ta tó kù gbè sẹ́yìn ọ̀gá.

Nígbà tí àwo náà jáde, ìyá mi gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní, "Obìnrin yẹn gbìyànjú. Àmọ́ kò yan ẹja rí láyé ẹ̀." Ó padà sídìí iná rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ ríru pa á lójijì.

A ò ní ohùn rẹ̀ míì. Nígbà ayé ẹ̀, tó bá rí ẹni tó na fóònù sí i, ìborùn ló máa fi bojú. Igbe yẹn nìkan ló kù, inú àwo àkọ́kọ́ ló sì wà. Ilé iṣẹ́ ọ̀gá ti yọ àwo náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní orin kan náà lọ́nà méjì máa da ọjà rú. Ìwé tí a tọwọ́ bọ̀ nígbà tí ojú ń kán wa ti sọ gbogbo rẹ̀ di tiwọn. Kọ̀mpútà tí a fi gbà á sílẹ̀, àgbàrá ló wọlé bá a. Sídì tèmi ti bó, kò kọrin mọ́. Mo wá a kiri gbogbo Shomolu. Obìnrin kan tó ń ta sídì àtijọ́ nítòsí Igbóbì bá mi fa páálí rẹ̀ yọ, mo rà á, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Ìwàásù ló wà nínú ẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ò bá ìyá mi láyé, àwo kejì nìkan ló mọ̀. Lọ́jọ́ tí mo ti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ dé yẹn, mo bá a lẹ́yìnkùlé tó ró ìró ìyá ẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń fa "jóná" gùn. Àwọn ará ilé ń rẹ́rìn-ín.

"Dádì, ẹ wá wo ìyá àgbà!"

Ó dùn mí wọra. Mo ní, "Ìyá àgbà kọ́ nìyẹn, òṣèré ni. Dákẹ́, kí n sọ ọ́ fún ẹ bí ìyá mi ṣe sọ ọ́."

Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo rántí bó ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rántí aṣọ tó wọ̀ àti eérú tó wà lápá ẹ̀. Mo mí kanlẹ̀, mo kígbe ọ̀rọ̀ náà jáde. "Jóná" gùn lẹ́nu mi, ọwọ́ mi sì ti pàtẹ́wọ́ kí n tó mọ̀.

Inú ọmọ mi dùn. "Ẹ ò rí i," ó ní, "bí mo ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn."