Ẹ̀kọ́ Ilé Tí Tazuko Kọ́ Ilka

Nígbà tí Ilka kọ́kọ́ dé ìlú Toyama ní Japan, ohunkóhun tó bá wà nínú ọmọ náà kì í pẹ́ kó tó dé ẹnu rẹ̀. Ọmọ Hungary ni, ó wá kọ́ èdè Japan ní yunifásítì, ilé obìnrin kan tó ń jẹ́ Tazuko ni wọ́n sì fi í wọ̀ sí. Kò tíì mọ ilé dáadáa tí Ìyá Horiuchi, aládùúgbò wọn, fi gbé ewébẹ̀ oníyọ̀ wá kí wọn. Ilka tọ́ ọ wò.

"Ó dùn, Mà, àmọ́ iyọ̀ inú ẹ̀ ti pọ̀ jù."

Tazuko wá ibi tí yóò fojú sí, kò rí. Yasukichi ọkọ rẹ̀, tó ń rán ẹní koríko tí wọ́n ń tẹ́ kárí ilẹ̀ yàrá, ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ iyọ̀ obìnrin yìí," ó wí nígbà tí àlejò lọ tán. "Òní lẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sọ fún un."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi ba ọmọ yìí jẹ́," Tazuko dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà ló ti mú ẹ̀kọ́ Ilka ní òkúnkúndùn. "Téèyàn bá ní kò sóhun tó ń ṣe òun, má tún un bi. Mójú kúrò."

"Tó bá ń parọ́ ńkọ́, Mà?"

"Á jẹ́ pé ó fẹ́ kó o jẹ́ kóun parọ́ náà nìyẹn."

Ohun tí tíṣà ò ráyè fi kọ́ ọ ní kíláàsì, ìdí tábìlì Tazuko ló ti kọ́ ọ. Kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, Ilka ti lè kọ oúnjẹ láìjẹ́ kí "rárá" jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ti mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ìyá Horiuchi alára ní, "Ọmọ yín gbẹ̀kọ́ o." Orí Tazuko wú.

Yasukichi nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn. "O ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di ara wa," ó wí. "Ta ló wá máa sọ òótọ́ fún mi nínú ilé yìí?" Tazuko fi í ṣe ẹ̀rín.

Ìgbà òtútù dé. Ṣọ́ọ̀bù ni Yasukichi ti ń jẹun ọ̀sán, ẹ̀wù tó nípọn ló sì ń wọ̀ léra, Tazuko ò mọ̀ pé ara rẹ̀ ti rù tán lábẹ́ ẹ̀wù. Ọjọ́ tó ṣubú lórí ẹní tó ń rán ni dókítà sọ pé jẹjẹrẹ inú ni, ó ní ká ní wọ́n ti tètè gbé e wá ni. Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Yasukichi kú kí yìnyín tó yọ́ tán lórí òrùlé.

Ó dun Tazuko wọ akínyẹmí ara. Kì í ṣe ikú nìkan, bí kò ṣe pé òun tí àwọn jọ ń gbé inú ilé kan náà kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn èèyàn ti lọ tí òun àti Ilka ń fọ ife tíì, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Ṣé èèyàn á máa gbẹ báyẹn, kẹ́nikẹ́ni má rí i?"

Ọwọ́ Ilka dúró nínú omi.

"Mo rí i, Mà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti máa ń bì. Àtìgbà tí ewé ti ń já ni. Mo bi wọ́n, wọ́n ní kò sóhun tó ń ṣe wọ́n."

"Ìwọ wá ṣe báwo?"

"Mo mójú kúrò."

Inú bí Tazuko débi pé ó gbá etí bàsíà tí wọ́n fi ń fọ ife mú. Ì bá wù ú kí ọmọ náà pariwo mọ́ ọn, kó fọ́ ife mọ́lẹ̀, kó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi." Ọmọ tó bú ewébẹ̀ Ìyá Horiuchi ì bá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ilka nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó sì tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ẹní. Ó tọrọ àforíjì bí wọ́n ṣe ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó rẹlẹ̀, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ ní sísọ.

Tazuko dúró lé e lórí, ó ń wa ẹkún mu. Bó ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́ ni ọmọ náà ṣe é, kò rí ibì kankan nínú àforíjì náà tó lè bá a tún ṣe.