Jáàkì Tí Màámi Fi Ń Fún Gàrí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nílé ìyá mi ní Ìgànná. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbé fóònù báyìí, àyà mi á tún já.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, Ìsẹ́yìn sì ni èmi àti ọkọ mi, Bàbá Àmínà, ń gbé. Tíṣà ni òun. Àmọ́ tí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa mọ́tò, ẹ ó rò pé ilé mẹkáníìkì ni wọ́n bí i sí. Gbogbo fídíò tó bá ti jẹ mọ́ mọ́tò títúnṣe ló ti wò tán. Oúnjẹ á máa tutù níwájú rẹ̀!

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a fẹ́ lọ kí Màámi, ká sì gba gàrí bọ̀. Nítorí gàrí yìí la ṣe kó gbogbo ohun tó wà nínú búùtù sílẹ̀ nílé: sípéà táyà, jáàkì, gbogbo ẹ̀ pátá, kí àpò lè ráyè. Ẹ má bú wa o. Ta ni kì í ṣe irú ẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí?

Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Ká tó dé Ìgànná, nǹkan kan ti ń dún kọ́, kọ́, kọ́ nísàlẹ̀ mọ́tò, níwájú, lápá ọ̀dọ̀ dírẹ́bà. Bàbá Àmínà ní òun ti mọ ohun tó ń ṣe é. Mo ní tí a bá délé, ká kúkú pe mẹkáníìkì. Ó wò mí bíi pé mo bú bàbá rẹ̀.

Bí a ṣe kí Màámi tán tí a mu omi báyìí, ọkọ mi ti bọ́ bùbá sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé a ò gbé jáàkì dání. Inú mi dùn, mo ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àfi bí Màámi ṣe dá sí i láti ìdí iṣẹ́ wọn lẹ́yìnkùlé.

"Bàbá Àmínà, ṣé jáàkì lẹ ń wá ni? Jáàkì mà wà níbí!"

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé omi tútù àti ẹ̀pà nìkan lẹ mọ̀ mọ́ gàrí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tí wọ́n bá lọ ẹ̀gẹ́ tán, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á tò ó sínú férémù irin, wọ́n á gbé pákó lé e lórí. Jáàkì mọ́tò ni wọ́n á wá há sáàárín pákó yẹn àti irin òkè, wọ́n á máa pọ́ǹpù rẹ̀ kí ó lè tẹ àpò náà mọ́lẹ̀, kí omi ẹ̀gẹ́ lè jáde. Jáàkì gidi o, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò akẹ́rù!

Màámi fúnra wọn ló gbé e wá. Wọ́n tiẹ̀ fi aṣọ nù ún. Inú wọn ń dùn pé àna àwọn rí nǹkan lò lọ́wọ́ àwọn.

Kí n má parọ́, ọkọ mi ṣe é dáadáa. Ó wa mọ́tò lọ síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ó fa hándibíréèkì, ó ki jíà bọ̀ ọ́, ó fi òkúta ńlá há táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Nítorí pé òjò ti mú ilẹ̀ rọ̀, ó tẹ́ pákó tó nípọn kan sábẹ́ jáàkì. Kí táyà tó kúrò nílẹ̀ rárá ló ti dẹ àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ó tún wá ojú ibi tó le lábẹ́ mọ́tò, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún jáàkì. Ó ní ẹni tó bá kàn ti jáàkì sí ibikíbi, abẹ́ mọ́tò rẹ̀ á tẹ̀ wọnú. Mo ń yọ ṣùtì sí i, àmọ́ nínú ọkàn mi, mo ń fi í yangàn.

Mọ́tò gòkè. Táyà jáde. Ó yí táyà sí ẹ̀gbẹ́ kan, èmi náà sì jókòó lé e bí ìyàwó ọ̀gá. Ó wá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ki orí àti àyà bọ abẹ́ mọ́tò, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Kò sí ohun mìíràn tó gbé mọ́tò yẹn dúró lórí ọkọ mi ju jáàkì yẹn lọ.

Màámi gbé ife omi jáde wá fún un. Wọ́n rí ẹsẹ̀ rẹ̀ níta, wọ́n sì sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ọbẹ̀ kù díẹ̀.

"Bàbá Àmínà, ẹ máa rántí pọ́ǹpù ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan o. Ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ ni."

Ó máa ń ṣe kí ni?

Mi ò mọ bí mo ṣe dìde. Mo gbá ẹsẹ̀ ọkọ mi méjèèjì mú, mo wọ́ ọ. Ó ń pariwo pé kí ló dé, pé ilẹ̀ ń bó òun lẹ́yìn. Kó bó o! Mo wọ́ ọ títí orí rẹ̀ fi jáde.

A bojú wo mọ́tò. Ó ń bọ̀ nílẹ̀ lóòótọ́! Kò já lulẹ̀, kò sì pariwo. Ó rọra ń bọ̀ bí àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó. Ọkọ mi yára ti táyà tí mo dìde lórí rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, mọ́tò sì jókòó lé e. Ibi tí àyà rẹ̀ wà lẹ́ẹ̀kan, apá lásán kò lè gba ibẹ̀ mọ́. Pákó abẹ́ jáàkì ti rin gbindin fún òróró tó ń jò. A ti rí i tó tutù tẹ́lẹ̀, omi ẹ̀gẹ́ la rò pé ó jẹ́.

Ife bọ́ lọ́wọ́ Màámi. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ní àwọn ì bá pa ọmọ ọlọ́mọ, pé ojú wo ni àwọn ì bá fi wo Àmínà. Ọkọ mi tí eruku bò látòkè délẹ̀ ló tún wá dọ̀bálẹ̀ tó ń bẹ̀ wọ́n. Ó ní òun ló yẹ kí òun ti táyà yẹn sábẹ́ mọ́tò kí òun tó wọ ibẹ̀, pé gbogbo fídíò tí òun wò ló sọ ọ́, ìkánjú ni kò jẹ́. Ó ní Màámi gan-an ló gba òun là.

Nígbà tí ara balẹ̀ díẹ̀, ó bi wọ́n pé ìgbà wo ni jáàkì náà ti ń sọ̀. Wọ́n ní láti ẹ̀ẹ̀rùn. Mo wá bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi fún gàrí. Wọ́n ní kò le: àwọn á jókòó tì í, tó bá ti sọ̀, àwọn á tún pọ́ǹpù rẹ̀, láti ìgbà tí àwọn bá ti kírun Àìlà títí di Alásàrì.

Wọ́n ní, "Àbí kì í ṣe bí jáàkì ṣe ń ṣe nìyẹn ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o. Láti ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni èjìká ọ̀tún Màámi ti ń dùn wọ́n! Èmi nọ́ọ̀sì ni mò ń gbé ìpara lọ, èmi ni mò ń fi pa á fún wọn. Mo ti bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn, mo ti bi wọ́n bóyá wọ́n ṣubú. Ta ló fẹ́ rántí béèrè jáàkì lọ́wọ́ aláìsàn?

Mẹkáníìkì tí a pè dé pẹ̀lú jáàkì tirẹ̀ àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi gbé mọ́tò dúró. Nọ́ọ̀tì kan ló dẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀. Ó dè é, ó sì lọ. Àmọ́ ẹ̀gẹ́ tí Màámi ti lọ ń bẹ nínú férémù, tí wọn ò bá fún un lọ́jọ́ náà, ó máa bàjẹ́. Gbogbo ará àdúgbò tó ní jáàkì ń fi tiwọn ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. A wá dá ti Màámi padà síbẹ̀. Níbẹ̀ yẹn, kò lè pa ẹnikẹ́ni, wàhálà ló kàn lè fún èèyàn.

Èmi àti ọkọ mi ló pọ́ǹpù rẹ̀. A ní kí Màámi jókòó síbòji. Mo pọ́ǹpù, ó sọ̀. Mo tún pọ́ǹpù, ó tún sọ̀. Ká tó gbọ́ ìpè Mọ̀gàríbì, mi ò lè gbé ọwọ́ ọ̀tún mọ́. Mo fọwọ́ kan ibi tó ń ta mí léjìká. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń fi ìpara pa Màámi. Ojú tì mí kí ẹnikẹ́ni rí omijé mi, ni mo bá ní èéfín ló kó sí mi lójú.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, jáàkì tó bá ti ń fún gàrí, ẹ fi í sílẹ̀ fún gàrí. Omi ẹ̀gẹ́ ti jẹ ẹ́ nínú. Èyí tẹ́ ẹ bá sì gbà pé ó dáa, ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò nítorí rẹ̀ nìkan. Ẹ fi irin gidi gbé mọ́tò dúró, kí ẹ sì ti táyà tẹ́ ẹ yọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má jókòó lé e bíi tèmi!

A ti ra jáàkì tuntun fún Màámi. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́, wọ́n pè mí. Wọ́n ní àwọn pọ́ǹpù rẹ̀, àwọn lọ kírun, nígbà tí àwọn padà dé, ibi tí àwọn fi í sí náà ló ṣì wà. Wọ́n wá ní, "Àṣé èèyàn lè sinmi nídìí ẹ̀?"

Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí. Àmọ́ kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ pe ìyá yín. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń lò nílé tí wọ́n rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.