Kókó Tó Wà Lẹ́nu Ìbọn

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá ni òórùn gírísì gbá mi nímú níbi iṣẹ́ mi ní River Road, nílùú òyìnbó níbí. 

Lọ́kàn mi, mo padà di ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní ọgbà kan ní Creekmouth nítòsí ibẹ̀, níbi tí ọkùnrin kan ti ń fi gírísì tún ìbọn ńlá Ogun Hítílà ṣe, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń fọ́ ọkọ̀ ogun onírin. Ó ní èyí tó ní kókó irin lẹ́nu ni wọ́n ṣe gbẹ̀yìn, nígbà tí ogun ti pẹ́.

Màmá Àgbà, tó mú mi lọ síbẹ̀, yọ fọ́tò bàbá tó bí i jáde, ṣójà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn. “Ìbẹ̀rẹ̀ ogun ló kú o.”

“Màmá, ìbọn inú fọ́tò yìí ní kókó lẹ́nu! Ti ìkẹyìn ni!”

“Ta ló bi ẹ́ léèrè?” Ó yára ti fọ́tò náà bọ àpò, ó sì fà mí lọ́wọ́ jáde. Mo rò pé òtútù ló ń lé e, torí kò wọ bàtà sí sùtánà funfun tó wọ̀ bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì.

Àṣé wọ́n ti sọkún bàbá rẹ̀ tán kí wọ́n tó rọ irú ìbọn bẹ́ẹ̀; ẹni tí wọ́n ní ó ti kú ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n ya fọ́tò náà.

Títí dòní, Màmá ṣì wà láàyè. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú ń tì mí, inú mi sì tún ń dùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n wá orúkọ bàbá náà kiri nínú ìwé àwọn ṣójà, àbí kí n fi í sílẹ̀ síbi tí Màmá sin ín sí lọ́kàn rẹ̀?