Oògùn Inú Garawa

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Ìyá Garawa fi ń yọ́ oògùn dànù. Àwọn nọ́ọ̀sì ló fún un lórúkọ náà, torí pé garawa kan kì í jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni ilé ìwòsàn gbà á fún, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá apòògùn máa ń gbé páálí oògùn tí ọjọ́ wọn ti kọjá síwájú rẹ̀. Á jókòó, á máa fi àtàǹpàkò ti hóró wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí èékánná á fi máa ro ó. Kò sẹ́ni tó ní kó máa fi omi gbígbóná yọ́ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, lọ́dún tó rí àwọn tó ń ṣa oògùn lórí ààtàn, tí wọ́n ń tún un dì láti tà. Ó ní kò ní ṣojú òun kí wọ́n fi oògùn tó ti bàjẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo ènìyàn yìn ín. Bó bá ti yọ́ tán, á dà á sí gọ́tà ẹ̀yìn ilé, gọ́tà á gbé e lọ sódò.

Nínú odò yẹn gan-an ni ọkọ rẹ̀ ti ń wa yanrìn, níbi tí omi ti dé itan. Ọkùnrin náà kì í yé fi ìyàwó rẹ̀ yangàn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: "Ẹ má bá mi ṣeré o, dókítà ló ń dáná fún mi nílé."

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ṣọ́bìrì gé e lójúgun. Ọgbẹ́ kékeré ni, kò gùn tó ìka. Ó kọ̀, kò jinná. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ńṣe ló ń fẹ̀ sí i. Ìyá Garawa á ti ibi iṣẹ́ dé, gbogbo ara á ti wó o, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọgbẹ́. Ó ti sú u. Kò jẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ojú sì ń tì í pé ó sú òun.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà pè é. "Màmá, a ti yẹ ọgbẹ́ bàbá wò. Oògùn ò ran kòkòrò tó wà níbẹ̀ mọ́." Ó wá ń ka orúkọ àwọn oògùn náà. Ìyá Garawa ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí kò mọ̀ nínú wọn. Ó mọ àwọ̀ wọn, ó mọ èyí tó tètè ń yọ́ àti èyí tó ń pẹ́.

"Kí ló fà á?"

"Bí kòkòrò bá ń rí oògùn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò pọ̀ tó èyí tó lè pa á, ó máa ń mọ́ ọn lára ni. Iṣẹ́ wo ni bàbá ń ṣe?"

"Yanrìn ló ń wà. Nínú odò ẹ̀yìn ibí yìí."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun ò lè búra pé ibẹ̀ ló ti kó o, ṣùgbọ́n àwọn tó wá bu omi odò náà lọ yẹ̀ wò lọ́dún tó kọjá bá oògùn nínú rẹ̀, kódà nínú ẹja. "Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló kù. Bí kò bá ràn án, a máa gé ẹsẹ̀ yẹn nísàlẹ̀ orúnkún."

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Garawa sọ fún ọ̀gá apòògùn pé òun ò da oògùn sí gọ́tà mọ́.

"Kí n wá kó wọn síbo, Ìyá? Ẹ̀rọ tí a fi ń sun wọ́n ti bàjẹ́ láti bí ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ẹ wo yàrá yìí." Páálí ti kan àjà.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lé itan, ó tú u, ó sì fọ̀ ọ́. Kò lè dì í.

"Bàbá wọn, èmi ni mò ń da oògùn sódò yẹn."

"Oògùn wo?"

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ó rò ó tán.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mọ́kànlá."

Ọkọ rẹ̀ ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí itan ìyàwó rẹ̀, ó gba báńdéèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ọgbẹ́ náà fúnra rẹ̀.