Níbo-Ló-Wà àti Ọgọ́rin Àga

Ọmọ mi obìnrin kejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Níbo-ló-wà níbi iṣẹ́. Òun kọ́ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń bi í. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ìpàdé, níbo ló wà? Ìwé tí àlejò ń kọ orúkọ sí, níbo ló wà? Awakọ̀ tó yẹ kó ti dé láti àárọ̀, òun náà ńkọ́? Kò sí èyí tí kò mọ̀. Bí tàdáwà inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá kù díẹ̀ kó tán, á ti mọ̀ ṣáájú ẹ̀rọ. Bí ẹni méjì bá fẹ́ gba ìsinmi lọ́sẹ̀ kan náà, òun ni yóò fi ẹ̀rín là wọ́n, ẹni tí kò rí i gbà yóò tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti èrè. Àwọn aláàánú ló dá a sílẹ̀, wọ́n ń fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn ní àga onítáyà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, gbogbo àwọn tó ti gba àga máa ń wá sí gbọ̀ngàn kan, kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lè pààrọ̀ táyà tó ti jẹ, kí wọ́n fi gíríìsì sí ibi tó ń ké, kí wọ́n sì de nọ́ọ̀tì tó ti tú. Ọjọ́ Àtúnṣe ni wọ́n ń pè é.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn yóò fi dán ọmọ mi wò. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ti sọ fún un pé bí Ọjọ́ Àtúnṣe bá kọjá ni òun yóò mọ̀ bóyá kó máa bá iṣẹ́ lọ tàbí kó máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dé irú ibẹ̀ yẹn rí níbi iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n kí i pé ó ṣeun, ó dàbọ̀. Ó sọ fún mi pé bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun ò ní wá iṣẹ́ mọ́ láyé òun. Mo mọ̀ pé ó lè ṣe é, torí agídí baba rẹ̀ kò yọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá múra de ọjọ́ náà bí aboyún ṣe ń múra de ìkúnlẹ̀. Ó pe àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ó tún pè wọ́n láti bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ ìpè àkọ́kọ́. Ó ka táyà. Ó kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń bọ̀ sínú bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn. Omi mímu, yàrá ìgbọ̀nsẹ̀, ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ló ti rò. Nígbà tó ku ọjọ́ kan, ó ní kí n bá òun wá, kí n máa bu omi fún ènìyàn.

A dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ó ti ní kí wọ́n kó ọgọ́rin àga oníke wá, torí ọgọ́rin ènìyàn ló ń bọ̀. Ó tò wọ́n ní ìlà mẹ́jọ, mẹ́wàá mẹ́wàá, ó gún régé bí ebè àgbẹ̀ tí kò ya ọ̀lẹ. Èmi ń fi aṣọ tútù nù wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a parí, mo sún sẹ́yìn, mo wò ó, mo ní ó dára, ẹni tó bá ti dé, ó di kó jókòó. Inú rẹ̀ dùn. Àwa méjèèjì wò ó títí, kò sí ohun tó wá sí wa lọ́kàn.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni télọ̀ kan, bàbá arúgbó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà àga rẹ̀ wá, ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀lé e. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó wo ìlà àkọ́kọ́, ó wo ti ìkẹyìn, ó wo ọmọ mi. Kò sí àyè tí táyà rẹ̀ lè gbà wọlé. Àwọn mìíràn ti ń dé lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ló sì jókòó sórí ohun tí wọ́n gbé wá.

Télọ̀ ní, "Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó láti ilé. Ṣé kí n wá jókòó lé méjì ni?"

Ojú ọmọ mi yí padà. Oṣù mẹ́fà ló fi wà láàárín àga onítáyà, tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀, tó ń ka táyà rẹ̀, ó wá to àga kalẹ̀ de àwọn tó ni àga. Èmi tí mo nù wọ́n, ojú ti èmi náà. Ọ̀gá sì ti sọ pé òun yóò dé láàárín wákàtí kan. Mo sọ fún ọmọ mi wúyẹ́wúyẹ́ pé kó ní àwọn tó ni gbọ̀ngàn ló tò ó bẹ́ẹ̀. Kò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó lọ lóṣòó síwájú télọ̀, kí ojú wọn lè ṣe déédéé.

"Bàbá, èmi ni mo tò ó. Mi ò ronú dé ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe yẹ kí ibí yìí rí?"

Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. Télọ̀ ní ọdún méje lòun ti ń wá, ẹnikẹ́ni ò bi òun rí. Ó na ìka. Ó ní kí wọ́n kó àga kúrò láàárín, kí ọ̀nà tó wà láàárín tábìlì méjì ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ gba àga onítáyà méjì, kí èèyàn lè kọjá lára ẹnìkejì láì bú u. Ó ní kí wọ́n wá tábìlì kúkurú fún omi, torí lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé omi sókè bí ẹni ń fi pamọ́ fún olè. Obìnrin kan tó ń ta ìwé sọ láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n sọ bébà orúkọ náà kalẹ̀ lára ògiri, pé ọrùn òun kì í ṣe ti lékeléke.

Nígbà tí a fẹ́ kó àga padà sínú ọkọ̀ tó kó wọn wá, télọ̀ dá wa dúró. "Ẹ má dá wọn padà. Ọdún méje nìyàwó mi ti wà lórí ìdúró."

A wo ẹ̀yìn wọn. Lóòótọ́, ìyàwó, ọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, gbogbo àwọn tó sìn wọ́n wá, orí ìdúró ni wọ́n wà. A kó àga sí ibi ìbòòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, kálukú gbé tirẹ̀. Ìyàwó télọ̀ jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó má tètè parí.

Ọ̀gá dé nígbà tí a ṣì ń fa tábìlì. Ó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ẹyọ kan pamọ́, títí kan ọgọ́rin àga náà. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó di etí tábìlì kejì mú, ó bá wa gbé e. Mo fẹ́ sọ fún un pé a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, mo bá ń bu omi tèmi lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ mi gbé ìwé kan wá sílé mi. Ó jókòó tì mí, ó kà á. Ọ̀gá kọ ọ́ pé ìdánwò ti tán, iṣẹ́ ti di tirẹ̀, àti pé kó tó ṣètò ohunkóhun lọ́dún tó ń bọ̀, kó kọ́kọ́ pe mẹ́ta lára àwọn tó ni àga, kí wọ́n jọ jókòó. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo ní kó ka ibi tí iṣẹ́ ti di tirẹ̀ nìkan. Ó kà á pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ó ká ìwé náà, ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé mi nítan bí ìgbà tó wà lọ́mọdé, ó sì bèèrè ohun tí a máa jẹ.